Ẹja Tí Kò Jẹ́ Kí Fẹ́yìsayọ̀ Wálé

Ìgbókòdá

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìlú Benin tó o wà yẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ẹja rẹ títí. O ní o ò lè wálé ní Kérésì nítorí ẹja kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó ń gbé láàárín àpáta inú òkun, tí akọ rẹ̀ ń ṣọ́ ẹyin, àti pé ojoojúmọ́ lo gbọ́dọ̀ máa wò ó fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ ní yunifásítì ní Ugbowo. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń yan ẹja, jẹ́ kí n fi sùúrù ṣàlàyé fún ọ. Benin ò ní òkun. O ní ẹ pọn omi sínú àpótí onígíláàsì, ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ sì to òkúta sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹja tó bá ti wọ omi iyọ̀, iná ló kù.

O tún ní ó ní oko ewé omi tirẹ̀ lára òkúta, ó ń tu èpò ibẹ̀, ó sì ń lé ẹja tó jù ú lọ. Bàbá rẹ béèrè pé ta ló fún un nílẹ̀.

Nígbà tó o fi hàn wá lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, mo wo etí rẹ̀, nítorí etí ẹja tó wà láàyè á máa ṣí, á máa pa dé. Mo ka ení, èjì, títí dé ogún, kò mira. Ìwọ náà la ẹnu sílẹ̀, o ò ṣẹ́jú. Ohùn ọkùnrin kan wá sọ pé ká má bínú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. O ní Láolú ni, ẹ jọ ń ṣọ́ ẹja ni. Morọ́láyọ̀ àbúrò mi ní bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ọbẹ̀ rẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán.

Mo wá rò ó pọ̀: ó nílé, ó lóko, kì í fẹ́ kí àlejò sún mọ́ ọn, ó ń ṣọ́ ọmọ, kò sì jẹ́ kó o wálé. Fẹ́yìsayọ̀, ọkọ lo fẹ́, ẹja kọ́. Ṣé o ti lóyún ni? Sọ fún mi, n kò ní pariwo, bàbá rẹ nìkan ló máa pariwo.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá wò ó fúnra mi. Má gba báńkì fi ránṣẹ́ o, ọmọbìnrin ibẹ̀ ń béèrè orúkọ ìyá mi, n kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bó bá jẹ́ ẹja lóòótọ́, màá tọrọ àforíjì, màá sì bá ọ ṣọ́ ẹja náà títí ẹyin á fi pa. Bó bá jẹ́ Láolú, sọ fún un pé kó wọ aṣọ gidi.

Ọlọ́run tó ní kí akọ ẹja máa ṣọ́ ẹyin á fún ọ ní ọkọ tí yóò máa ṣọ́lé, bí kò bá tíì fún ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Títíloyè