Oyún Tí Fúnkẹ́ Lọ Sọ Ní Ọ́fíìsì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ibi tí ẹ wà lájùlé ọ̀run. Oǹdó ni mo ti ń kọ eléyìí, nílé Fúnkẹ́, àbíkẹ́yìn mi tí ẹ fi sílẹ̀ ní kékeré. Ó ti bímọ, ọkùnrin làǹtì-lanti! Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi ní Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ pa, mo wá ń wẹ ọmọ. Ẹ bá mi yọ̀, nítorí ayọ̀ yìí ju ti ọmọ nìkan lọ.

Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ike ni Fúnkẹ́ wà. Kásúà ni wọ́n gbà á sí. Kásúà ò ní ìsinmi, kò ní káàdì ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá sì ti rí i pé ó lóyún, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan fi ọ̀já di ikùn títí ó fi dákú lẹ́bàá ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá àwọn ọ̀gá fà á, fà á, títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn tuntun. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní kásúà di òṣìṣẹ́ gidi. Aláboyún á lọ sinmi, owó oṣù rẹ̀ ò ní dúró, ẹnikẹ́ni ò sì ní gba ipò rẹ̀. Ohun kan péré ni wọ́n fẹ́: kí obìnrin tètè sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, kí ikùn tó yọ, kí wọ́n lè mú un kúrò nídìí ẹrù wúwo.

Màámi, nígbà tí Fúnkẹ́ lóyún, ibẹ̀ ni èmi àti òun ti kọlu ara wa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fi oyún tuntun han ayé. Ẹ rántí bí ẹ ṣe fi ìró kejì bo tèmi, tí ẹ ń sọ fáwọn aládùúgbò pé iyán ni mo jẹ yó? Mo pè é láàárọ̀, mo pè é lálẹ́. Ta ló mọ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì yẹn? Tí àdéhùn ọ̀hún bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ńkọ́?

“Mọ́mì, oyún tí ọ́fíìsì ò bá mọ̀, òun gan-an ni wọ́n fi ń léèyàn.”

“Ṣé o ò bẹ̀rù ayé ni?”

“Ayé kọ́ ló ń san owó oṣù mi.”

Ààwẹ̀ ni mo gbà. Ó lọ o! Ó dúró níwájú ọ̀gá wọn, ó sọ ọ́ gbangba. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e kúrò nídìí páálí omi, wọ́n fi í síbi tí wọ́n ti ń lẹ bébà mọ́ ike, lórí àga. Làwọn obìnrin tó ń fi ọ̀já dikùn náà bá jáde sọ tiwọn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wá sọ wọ́n di ẹ̀fẹ̀: “Ẹ̀yin sítáàfù oníkùn, ẹ wọlé o!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọlé.

Ẹ̀yin ni mò ń rò. Wọ́n ní kí ìwọ́ mi tó já lẹ ti pọ̀n mí padà sídìí kòkó tí ẹ ń ṣà fún olówó. Ṣé inú ò run yín? Ta ló fún yín lómi mu? Tí mo bá bi yín, orin lẹ máa ń kọ.

Ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ ṣì ń kọ́ni nílé ìwé aládàáni kan ní Àkúrẹ́, kò sí irú àdéhùn yìí fún un. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ṣì ń lé oorun lójú mi. Ṣùgbọ́n ó ti ń bi àbúrò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kó ẹgbẹ́ jọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí, mo ti na ọwọ́ láti jí Fúnkẹ́ lọ síbi iṣẹ́ kí n tó rántí. Owó oṣù rẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ilé ló wà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ, ọ̀kan yọjú lójú fèrèsé: “Ìyá ọmọ tuntun, má dìde o! Iṣẹ́ ò sá lọ!”

Fúnkẹ́ ò tilẹ̀ gbọ́. Ó yíra padà, ó ń hanrun. Màámi, òṣìṣẹ́ ń hanrun, oòrùn ti là kedere!

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ pọ̀n, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.