Gbé Ìyá Rẹ Kúrò ní Nọ́ńbà Keje

Kàfáyá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń ṣe bisikíìtì ò ṣe ọ́ léṣe? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kó gé ọ lọ́wọ́. Gbogbo wa ní Ìgbẹ́sà ń kí ọ, àfi ewúrẹ́ rẹ dúdú, ìyẹn ti kú.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ Jímọ̀. Wákà tó o ní kí wọ́n máa kọ fún wa níbẹ̀ dùn, ìyá rẹ ń ṣe àmín sí i lórí ìdùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọn kì í pè ọ́ wá. Ìdí nìyí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, Fàlílù ọlọ́kadà ni yóò mú un wá.

O gbàgbé ìwé kan sílé nígbà Iléyá, èyí tó o ní ọ̀gá yín ní kí kálukú kọ ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù láyé, kó tò ó ní nọ́ńbà. Mo kà á fún ìyá rẹ. Púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ni àkọ́kọ́, ìkejì mọ́tò, ìkẹta Kánádà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkeje, níbi tó o kọ ọ́ sí pé kó o máa wá wo Màámi. Inú rẹ̀ dùn pé òun wà níbẹ̀. Èmi ò rí orúkọ tèmi, bóyá ìwé ló tán.

Nọ́ńbà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí inú ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un ní páálí tí wọ́n kọ méje sí. Dókítà wo ẹni mẹ́fà, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ, wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tá a padà lọ, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Dókítà wò ó dáadáa, ó wá pè mí síta, ó ní kí n gbé e lọ sílé, kí n máa fún un ní ohunkóhun tó bá wù ú jẹ.

Mi ò mọ aago tí ẹni tó ń bá yín mú àwọn nǹkan inú ìwé yẹn ṣe níbi iṣẹ́ yín ní Ṣàngó máa ń ti ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ pé púlọ́ọ̀tì nìkan ló ráyè ṣe kó tó lọ ńkọ́? Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Mo mú bírò, mo fa igi lé púlọ́ọ̀tì, mo kọ Mùíbátù ìyá rẹ síbẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo tún tẹ̀ka sí i kí wọ́n má bàa sọ pé ayédèrú ni. Ìwé náà wà nínú lẹ́tà yìí, bá mi fún ọ̀gá yín. Mo ti gbé púlọ́ọ̀tì lọ sí ìkeje, ilẹ̀ lè dúró.

Ọsàn ló ń wù ú jẹ. Bí owó díẹ̀ bá wà, má fi ránṣẹ́, ra ọsàn níbẹ̀, kó o fi ìyókù wọ ọkọ̀ gbé e wá.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí, yóò fún ọ ní púlọ́ọ̀tì, mọ́tò àti Kánádà. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ ń bi mí pé nọ́ńbà mélòó lòun wà báyìí. Mo ti sọ fún un pé òun ni àkọ́kọ́. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, má jẹ́ kó jẹ́ irọ́ ni mo pa fún un.

Èmi bàbá rẹ,
Àmọ̀dá