Ẹ̀rọ Gáàsì Tí A Fi Aṣọ Bò

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ìta-Àmọ́,
Ìlọrin.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, ọdún 1976.

Ọ̀gá Àgbà,
Ibùdó Ìwádìí Òfuurufú,
Ọ̀nà Fate,
Ìlọrin.
(Kí ẹ jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí wọn ní Kàdúná)

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌRÒYÌN IKÚ GÀNÍ LÁWÀL ÀTI LÓRÍ Ẹ̀RỌ TÓ Ń GBÓÒÓRÙN GÁÀSÌ

1. Èmi ni ìyàwó Gàní Láwàl, tí ó ń bá yín fẹ́ gáàsì háídírójìn sínú rọ́bà ńlá tó ń gbé ẹ̀rọ kékeré lọ sókè láti wo ojú ọjọ́. Ó kú ní ọjọ́ Àlàmísì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, nígbà tí gáàsì gbiná nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ti lọ sí Kàdúná fún ẹ̀kọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ó wù mí kí n fẹsẹ̀ ara mi wá sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n mo ṣì wà nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá kò tíì pé, nítorí náà ìwé ni mo lè rán.

2. Wọ́n fún wa ní ẹ̀dà ìròyìn tí Ọ̀gbẹ́ni Olúdáre, igbákejì yín, kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo kà á. Wọ́n ní Gàní fi aṣọ bo ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì kí ariwo aago rẹ̀ má baà dí i lọ́wọ́. Òótọ́ ni pé aṣọ wà lórí ẹ̀rọ náà. Ìdí tí wọ́n sọ ni kì í ṣe òótọ́.

3. Nígbà tí ẹ gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sára ògiri ní oṣù kọkànlá tó kọjá, ẹ sọ fún Gàní pé gáàsì yìí kò ní àwọ̀, imú ènìyàn kò sì lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀rọ yìí ni yóò máa bá a gbọ́ ọ, pé bí ó bá ti gbọ́, aago yóò dún. Ẹ tún ní òun nìkan ni ẹ ní, pé eruku kò gbọ́dọ̀ bà á jẹ́. Gàní délé lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ tọ́.

4. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí eruku ń wọ gbogbo ibi, ó bẹ̀ mí kí n rán aṣọ fún ẹ̀rọ náà. Aránṣọ ni mí. Mo fi aṣọ rọ́bà tí a fi ń tẹ́ tábìlì rán an, mo sì ki rọ́bà fífà sí ẹnu rẹ̀ kí ó lè fún mọ́ ọn dáadáa. Ó ní kí n dá ojú sí i. Mo fi náílọ́ọ̀nù tó mọ́ bíi gíláàsì sí iwájú rẹ̀, kí ó lè máa rí abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí gáàsì ti pọ̀ tó. Ẹni tí kò fẹ́ kí ẹ̀rọ dí òun lọ́wọ́ kò ní sọ pé kí a dá ojú sí ìbòrí rẹ̀. Sàní, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Gàní, o ti sọ ẹ̀rọ ìjọba di ẹlẹ́hàá! Ọjọ́ wo ni yìgì?" Gàní dá a lóhùn pé, "Ojú rẹ̀ kò ṣáà bò. Ó ń wò ọ́."

5. Ohun tí èmi àti òun kò mọ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè wọ inú ẹ̀rọ náà, kò lè gbọ́ òórùn ohunkóhun. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìròyìn náà ni mo ti kọ́ ọ. Ìwé ìlò rẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù yín, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́dọ̀ yín. Sílíńdà gáàsì kan jò mọ́jú ọjọ́ náà. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, Sàní wà lókèèrè lẹ́nu géètì, ó rí Gàní láti ojú fèrèsé bó ṣe tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ náà, tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kò mì. Gàní tan iná.

6. Aṣọ méjì ni mo rán, kí ó lè máa fọ ọ̀kan. Mo fi èkejì kún ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ojú tí mo dá sí i. Bí ó bá di dandan kí ìròyìn dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi aṣọ, ẹ kọ orúkọ tèmi síbẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo fi rán an.

7. Mi ò bá dúró kí opó parí kí n tó kọ̀wé, bí kò bá ṣe ti Binta, ìyàwó Sàní. Ó wá kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó mú aṣọ rọ́bà tuntun dání. Ó ní wọ́n ń gbé ẹ̀rọ mìíràn bọ̀, Sàní ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí n jọ̀ọ́ bá òun rán aṣọ sí i bíi ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó lé ní oṣù méjì, kò sì sí ẹni tó tíì sọ fún wọn! Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, a sì jọ sunkún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni Sàní yóò fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ opó.

8. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá àti Haúsá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, pé a kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun bo ẹ̀rọ náà. Kí Sàní má ṣe fẹ́ gáàsì kankan títí ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà yóò fi dán an wò níṣojú rẹ̀. Kí ẹ sì pa ìlà tí wọ́n kọ nípa Gàní rẹ́ nínú fáìlì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó tọ́jú ohun tí ẹ fi sí i lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ fún un.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á. Kí Ọlọ́run mú yín padà sílé láyọ̀.

Èmi ni tiyín tí ń retí èsì,

Rokibat Láwàl (Ìyáàfin),
Aránṣọ, opó Gàní Láwàl.