Omi Tí Mo Dà Sẹ́nu Ọ̀nà ní Houston

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ yín tí ẹ máa ń pè ní Ehoro ló ń kọ̀wé sí yín. Ẹ má wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe rí. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ọ lẹ́yìn tí ẹ lọ, irun mi sì ti ń funfun kí n tó mọ bí a ṣe ń di bírò mú. Ta ni yóò ka èyí fún yín níbẹ̀? Ṣé Bàbá ti mọ̀wé kà?

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi Múfútáù ni mo ń gbé báyìí, ní àdúgbò Alief, ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Wọn kì í fẹsẹ̀ rìn níbí. Mọ́tò ni wọ́n ń wọ̀ lọ ra búrẹ́dì ní òpópó kejì. Ẹ wá wo ọmọ yín tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lẹ́yìn ìrun àsùbáà, tòun ti ìborùn lórí. Eré ìje màrátọ́ọ̀nù ni mo ń múra sílẹ̀ fún.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní àsàlátù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Ràmátù bi mí pé, "Alhája, ta ní ń lé yín?"

Mo ní, "Ẹnì kan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún. Bí n ò bá lé ejò, ejò ló ń lé mi."

Ó ní bí ejò náà bá ráyè, kí n rán an sí òun, kó wá bá òun lé ọ̀rá ìdí òun dànù.

Ẹ̀yin mọ ejò náà, Ìyá mi. Orí àga ni ẹ ti lo ìgbẹ̀yìn ayé yín. Ẹsẹ̀ tó ń ru iṣu bọ̀ láti oko kọ̀ láti gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ máa ń nà án síwájú, ẹ ó máa bá a wí bí ọmọ alágídí. Mo búra nígbà náà pé àga kò ní gbà mí lọ́wọ́ ara mi.

Houston kì í sábà tutù, ooru ni wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, òtútù kan dé tó sọ omi di yìnyín lójú títì. Múfútáù ní kí n jókòó sílé. N kò gbọ́. Ṣé ẹ rántí pé ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa jáde lọ sí ìrìn àjò láìda omi sẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀nà lè tutù? Mo bu omi sínú ife, mo dà á sórí àtẹ̀gùn, mo ṣàdúrà. Ni mo bá rántí ìbọ̀wọ́ mi. Ó pẹ́ kí n tó rí i, abẹ́ ìrọ̀rí Àmínátù, ọmọ ọmọ mi, ló wà. Ìgbà tí mo padà jáde, omi àdúrà ti di yìnyín. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé, mo bá ara mi nílẹ̀.

Egungun kankan ò kán, ìdí mi ló wú. Ṣùgbọ́n Múfútáù kó bàtà eré mi sínú búùtù mọ́tò rẹ̀, ó tì í pa. "Màámi, ọjọ́ orí ti dé. Eré parí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìdí lọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn. Omi ni mo rí, n kò rí ọjọ́ orí. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀.

"Ẹ da omi sílẹ̀ nínú òtútù yìí?"

"Kí ọ̀nà lè tutù ni."

"Màámi, kí ló kù níta tí kò tíì tutù?"

Àmínátù rẹ́rìn-ín títí tíì tó ń mu fi pá a lórí. "Grandma, ẹ fún yìnyín lómi?"

Ẹ̀rín yẹn ló ṣí búùtù mọ́tò náà. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní àfi kí òun rí bí màá ṣe rìn kí òun tó kó bàtà fún mi. Mo bá gbé ìrìn yín jáde, èyí tí ẹ kọ́ mi ní ọ̀nà oko lásìkò òjò, nígbà tí amọ̀ bá ń yọ̀: kí ìṣísẹ̀ kúrú, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí orúnkún rọ̀, kí ọwọ́ má wà nínú àpò. Múfútáù ní mo ń rìn bí ẹni tó jí adìyẹ gbé. Mo ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ó kó bàtà mi fún mi.

Mo ti ra iyanrìn tí wọ́n ń tà níbí fún ológbò láti máa yàgbẹ́ sí, mo dà á sórí àtẹ̀gùn kó má baà yọ̀ mọ́. N kì í jáde mọ́ kí oòrùn tó yọ. Ibi tí títì bá ń dán, màá yà sórí koríko.

Ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ ni eré ìje. Wọ́n ní òtútù lè padà wá. Kó máa bọ̀. Ibi tí yìnyín bá wà, màá rìn. Ibi tí kò bá sí, màá sáré. Bí gbogbo ayé bá ti lọ sílé, ẹsẹ̀ mi ni màá fi dé òpin.

Ife omi náà yóò wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá mi. N kò ní dà á sílẹ̀. Ọ̀nà ti tutù tó. Màá mu ún, kí ẹni tó ń lọ náà lè tutù. Ṣé ẹ ò ní bínú pé mo yí i padà?

Èmi ni Ehoro yín, tí kò tíì jókòó.