Ọjọ́ Tí Sverre Fọ Ààrò Ẹja

Ẹ̀gbọ́n mi Asta,

Ẹ kú àtijọ́. Yìnyín ti yọ́ tán ní Tromsø níbí, àlàáfíà la sì wà. Sverre kàn máa ń gbàgbé nǹkan díẹ̀díẹ̀ ni, bí àgbàlagbà.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé ààrò tá a fi ń sun ẹja jáde sẹ́yìnkùlé. Àwọ̀n irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ọ̀rá èṣí sì ti dì mọ́ ọn. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á nígbà tí Sverre jáde.

Ó ní, "Ẹ rọra o, Màmá. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ dáná sí i kí ọ̀rá yẹn rọ̀."

Mo fún un ní búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan! Ó dáná, ó ha á, ó kó eérú dànù, ó fi òróró pa á lára títí tó fi ń dán. Ó ń súfèé. Omi bọ́ lójú mi. Èéfín náà pọ̀.

Nígbà tó parí, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Borghild ìyàwó mi, kó wá wò ó."

Mo ní, "Màá pè é." Mo wọlé, mo pààrọ̀ aṣọ, mo ya irun mi, mo tún jáde.

Ó rẹ́rìn-ín. "Borghild! Níbo lo wà látàárọ̀?"

A sun ẹja, a jẹ ẹ́ pọ̀. Ẹ má dààmú láti wá wò wá o. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Àbúrò yín,
Borghild