Ọ̀nà Ti Ń Là Nínú Ẹ̀dọ̀fóró Mi

Màámi,

Mo kí yín láti Ajah. Ọ̀rẹ́ mi Bọ̀sún ló ń bá mi kọ ọ́, torí dírípù wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má jáyà, ara mi ti ń yá.

Mo kọsẹ̀ díẹ̀ níbi tí a ti ń kọ́lé ní Awoyaya. Bọ̀sún ní ṣé kí òun kọ bí ibi tí mo ti já bọ́ ṣe ga tó, mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n ti to ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó yá ni mi ò rí èémí mí dáadáa mọ́.

Dókítà Ṣèyílọ́lá jókòó tì mí, ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní àwọn iṣan kan wà nínú ẹ̀dọ̀fóró tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ kó tó padà sínú ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ kan ló dì nínú ẹsẹ̀ mi, ló gbéra lọ dínà níbẹ̀.

Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé ọ̀nà yẹn á là?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti ń là, Ọ̀gá Kàmọ́rù. Ṣé ẹ ò rí i pé ẹ ti ń sọ̀rọ̀ láì sinmi?"

Láàárọ̀ yìí, wọ́n yọ rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú mi. Mo fi ọ̀pá rìn dé ojú fèrèsé, mo ka Fátíà tán láì mí hẹlẹhẹlẹ. Bọ̀sún, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ké "Àmín" tí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́.

Ẹ bá mi kí Fèyíkẹ́ ìyàwó mi, ẹ ní mo ń jẹun dáadáa. Ẹ kí Bàbá, ẹ kí gbogbo ará ilé.

Ọmọ yín,
Kàmọ́rù