Ife Omi Àkọ́kọ́ Láàárọ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n, atọ́miwò àdúgbò,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí, bí wọ́n bá ń jókòó lọ́run tẹ́ ẹ wà. Mo ti dí kànga yín.

Àjọ aláàánú kan ló wá sí Ìtẹ̀lé. Kì í ṣe àwọn ti ìjọsí o, àwọn tó gbé ẹ̀rọ omi sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí pátákó wọn tóbi ju táńkì lọ. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ, ẹ̀rọ kú, àwọn ewúrẹ́ sì jogún ibòòji rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín jù, torí gbogbo àdúgbò tún padà sídìí kànga yín.

Ìgò kékeré ni àwọn ti ọ̀tẹ̀ yìí gbé wá. Wọ́n bu omi yín lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì padà wá sọ fún mi pé kò ṣeé mu. Kànga tẹ́ ẹ gbẹ́ sún mọ́ ṣáláńgá tẹ́ ẹ gbẹ́ jù. Iṣẹ́ ọwọ́ yín méjèèjì ti ń bára wọn ṣọ̀rẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ẹ ò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ojú ìdùnnú yẹn ló ń tì mí títí di òní.

Mo rántí pé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ fa omi láràárọ̀. Ẹ ó mu ife kan tán, ẹ ó dúró díẹ̀ bí ẹni ń retí ìdájọ́, kẹ́ ẹ tó fún èrò láyè. Inú sì ń run yín ṣáá. A ní àgbà ló dé. Bàbá, ṣé ẹ ti fura ni? Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ń mu ún ṣáájú wa?

Àjọ náà ní àwọn ò ní gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tuntun àfi bí a bá dí ti àtijọ́, tí àwa fúnra wa sì kọ́ bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀, onídìrí ẹ̀gbẹ́ ilé wa, ni wọ́n kọ́. Lọ́jọ́ tí mo ń da kóńkérè, Ìyá Bọ́sẹ̀ pàtẹ́wọ́:

“Háà! Omi tí bàbá ẹ fi tọ́ ẹ lo wá fi sìmẹ́ǹtì dí lẹ́nu? O káre, ọmọ!”

Ó bú mi tán, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó ní mi ò mọ̀ ọ́n dà.

Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé wá náà ti bàjẹ́ rí. Àwa méjèèjì tú u, a pààrọ̀ wọ́ṣà, rọ́bà inú rẹ̀ tó ti jẹ, omi sì jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. A ò pe ẹnikẹ́ni láti Èkó.

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Láràárọ̀, kí n tó ṣí i fún èrò, mo máa ń bu ife kan, ife yín náà, èyí tétí rẹ̀ ti kán. N ó mu ún tán, n ó dúró díẹ̀. Omi náà mọ́. Kò lóòórùn, kò ládùn kankan.

Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Tiyín ló dùn jù.

Èmi ni,
ọmọ yín tó gba ife lọ́wọ́ yín.